Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Èmi ò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí.
Jẹ́sì ni mo ń fọ̀,
mọ́kànlá, aláwọ̀ ọsàn,
lẹ́bàá kànga tó wà lẹ́yìn ilé tíṣà àgbà.
Ẹrẹ̀ Òkè-Ọmírù kì í tètè bọ́ lára aṣọ:
mo lè fi ẹrẹ̀ sọ ẹni tó ṣubú jù,
mo lè fi òógùn mọ ẹni tó kàn ń rìn kiri.

Lọ́dún tí wọ́n pa ilé-ìwé wa pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀,
wọ́n kó àga, wọ́n kó agogo,
wọ́n kó máàpù ayé tí eku ti jẹ Amẹ́ríkà kúrò nínú rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.
Òjò ọdún kan ló kà á tán.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta
ní Ẹrẹ́jà, tí mo gun ọ̀kadà,
tí mo ń kan ilẹ̀kùn àwọn arúgbó
tó ṣì jẹ́ ọmọdé lójú mi.

Fápohùndà, aṣọ́lé. Àwòdì là ń pè é.
"Méjì sí ẹyọ kan la fi nà wọ́n," ló wí,
ó na ọwọ́ tí ìka kan ti ṣẹ́ nínú rẹ̀ sí mi.
Ìgè tó ń gbá ẹ̀yìn, Ìgbín, ní irọ́ ni,
ọ̀mì ni, méjì-méjì,
ilẹ̀ tó ṣú ni rẹfirí ṣe fọn fèrè.
Ajéwọlé bú sẹ́rìn-ín:
"Ọwọ́ ni mo fi gbá èyí tó wọlé kẹ́yìn.
Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀,
àwọn ará Ifẹ̀ nìkan ni ò mọ̀."
Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Mi ò pa ọ̀kan rẹ́.
Ẹnu arúgbó kì í ṣe pátákó
tí a lè fi dọ́sítà nù.

Mo lọ wo pápá.
Òpó nẹ́tíwọ̀kì ló dúró níbi tí a ti ń gbá pẹnárítì,
ó ń hó wùùù bí oyin.
Gbogbo ìlú ló ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀,
kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀.
Ẹsẹ̀ góòlù kan ṣì kù. Ẹnì kan so ewúrẹ́ mọ́ ọn.
Ewúrẹ́ náà ń ṣọ́lé,
kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá, àní koríko.

Ó wá ku nọ́ńbà méje.
Ọ̀ṣúnkúnlé, ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Jẹ́sì tirẹ̀ kì í dọ̀tí,
ta ni yóò lé e bá, tí yóò gbé e ṣubú?
Ọdún kẹta lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá,
títì Ìbòdì, mọ́tò.

Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ní Òkèsà.
Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, etí rẹ̀ ò tíì gbà.
Ó ní, "Ìwọ lò ń fọ jẹ́sì."
Kò sí fọ́tò. Kò sí ife-ẹ̀yẹ.
Bàtà kan ṣoṣo, ti ẹsẹ̀ òsì,
kókó mẹ́ta ló ṣẹ́kù nídìí rẹ̀,
òun ló fi há ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé
kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní yàrá kan wà,
màá gbé e sínú gíláàsì, màá kọ orúkọ sí i.
Ó ní, "Ta ni yóò wá bá mi di ilẹ̀kùn mú?"

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́:
Nọ́ńbà méje. Ọ̀ṣúnkúnlé.
Bàtà, ẹyọ kan. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á.
Ó dákẹ́ títí.
"Fi kún un pé kì í jẹun alẹ́
bí wọ́n bá ti fìdí rẹmi."
Mo fi kún un.

Ojú-ewé kọkàndínlógún nìyẹn.
Lọ́la, Ìlókò: nọ́ńbà mẹ́rin.
Wọ́n ní ó ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.
Kí n tètè jí.